Ìwé ewì tó ku ẹ̀dà méjì: bí ẹ ṣe lè gbé e sórí fóònù láìná owó rẹpẹtẹ

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣágámù ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá mi kọ ìwé ewì kan tí ẹgbẹ́ wọn bá wọn tẹ̀ jáde ní 1962. Ojú ewé 96 ni. Ẹ̀dà méjì péré ló kù nílé, ikán sì ti jẹ etí ọ̀kan. Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò ní àmì ohùn. Bàbá kú ní 1981. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun lè máa kà á lórí fóònù. Ẹnì kan ní kí n kó owó wá kí òun fi ẹ̀rọ ńlá ya gbogbo ojú ewé rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan àti fóònù ni mo ní. Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìwé bàbá. Ẹ má tíì kó owó fún ẹnikẹ́ni. Fọ́tò ojú ewé ni ẹ̀rọ ńlá yẹn máa fún yín, wọ́n á dì í pọ̀ sínú PDF kan tó wúwo, tí kò ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá lórí fóònù kékeré, ìlà á sá kúrò lójú, á wá máa fi ìka wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n lè ka ewì náà dáadáa ni kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìka àti ojú ló ń ṣe ìyẹn. Ohun èlò tẹ́ ẹ ní tó o.

Ohun kan wà tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi yóò máa padà sí: ẹ ṣe fáìlì kan ṣoṣo tó mọ́ tónítóní, kó jẹ́ ìyá. PDF, ìwé orí fóònù, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé títẹ̀, ọmọ ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ara ìyá ni kí ẹ ti tún un ṣe, kí ẹ sì bí àwọn ọmọ náà lọ́tun. Ẹni tó ń tún PDF ṣe lọ́tọ̀, tó tún ń tún èyí tó wà lórí WhatsApp ṣe lọ́tọ̀, tó bá fi máa di oṣù kẹta kò ní mọ èyí tó péye nínú wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kúrò lọ́nà ná, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ orí iṣẹ́ lítíréṣọ̀ kì í tán títí ọdún 70 yóò fi pé lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ní ti bàbá, ó di ìparí 2051. Àwọn tó jogún wọn ló ni ẹ̀tọ́ náà báyìí, pé ìwé náà ti ṣọ̀wọ́n kò sì sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, bóyá ọ̀fẹ́ ni tàbí títà, kí gbogbo àwọn ọmọ tó jogún sì fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí olórí ẹbí nìkan dá a fọwọ́ sí. Ẹ wo inú àpótí ìwé bàbá pẹ̀lú: bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé kan tó gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ lẹ ó ti gba àṣẹ. Bí àwòrán bá wà lẹ́yìn ìwé, ayàwòrán náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹbí rẹ̀, ẹ yọ àwòrán yẹn kúrò nínú ẹ̀dà tuntun.

Ó ku fọ́tò. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe fọ́tò lẹ máa fún àwọn èèyàn kà, ẹ gbọ́dọ̀ yà á, nítorí ikán kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òun náà lẹ ó sì máa wò tẹ ọ̀rọ̀, kí ẹ má baà máa ṣí ìwé tó ti gbó ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ká ní ojú ewé náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13, tó sì gùn tó 20. Kí fọ́tò rẹ̀ tó mọ́ tó píkísẹ́ẹ̀lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 300 lórí ínǹṣì kan, ó nílò nǹkan bíi píkísẹ́ẹ̀lì 1,535 lọ́nà 2,362, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò tó mẹ́gápíkísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́rin. Kámẹ́rà fóònù tó ní mẹ́gápíkísẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ti ṣe é já. Ohun tó ń ba fọ́tò ìwé jẹ́ ni òjìji, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àti ojú ewé tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ nítòsí ibi tí wọ́n ti rán an.

Ẹ gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láàárọ̀, níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà. Ẹ to bíríkì tàbí ìwé ńlá méjì jọ, kí ẹ gbé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé wọn, kí fóònù dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ kí kámẹ́rà sì yọjú sísàlẹ̀. Ẹ ra gíláàsì fèrèsé tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn agégíláàsì, kí wọ́n fi òkúta pọ́n etí rẹ̀ kó má gé yín lọ́wọ́. Òun ni yóò tẹ ojú ewé mọ́lẹ̀. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ o, ẹ̀yìn ìwé 1962 á fọ́. Ẹ fi bébà dúdú sí ẹ̀yìn ojú ewé kọ̀ọ̀kan, nítorí bébà àtijọ́ fẹ́lẹ́, lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń hàn síwájú, ojú á sì máa kà á mọ́ àmì ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ pa fúláàṣì kámẹ́rà, torí yóò kọ yànrànyànràn lórí gíláàsì. Ẹ ya gbogbo ojú ewé apá ọ̀tún tán kí ẹ tó ya apá òsì, kí ẹ má baà máa sún ìwé kiri. Ẹ̀dà tí ikán kò jẹ lẹ ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ya èkejì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni lẹ́tà tí yíǹkì rẹ̀ ti parẹ́ níhìn-ín máa ń hàn kedere lọ́hùn-ún. Ẹ sọ fọ́tò lórúkọ tí kò ní àlàfo tàbí àmì ohùn nínú: a-001.jpg, a-002.jpg fún ẹ̀dà kìíní, b-001.jpg fún èkejì.

Ó yá, títẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé ètò kan wà tó ń sọ fọ́tò di ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Tesseract jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ní ti Yorùbá. Fún ìtàn àròsọ olójú ewé 300 tí lẹ́tà rẹ̀ mọ́, màá ní kí ẹ lò ó. Fún tiyín, mi ò gbà á níyànjú. Lórí ìwé àtijọ́, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ kéré gan-an, ètò náà á fo òmíràn, á sì ka ìdọ̀tí bébà sí àmì níbi tí kò sí. Àṣìṣe tó fara jọ òótọ́ ló burú jù, torí ojú kì í tètè rí i. "Oko" tó yẹ kó jẹ́ "ọkọ" kò ní pè yín. Ewì ojú ewé 96, tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150, jẹ́ bí ọ̀rọ̀ 14,000. Bí ẹ bá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ojú ewé kan, wákàtí 16 ni gbogbo rẹ̀. Wákàtí méjì lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́jọ, ó parí. Títún ohun tí ẹ̀rọ bàjẹ́ ṣe lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí fóònù, Gboard ní kíbọọ̀dù Yorùbá. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ lè fi kíbọọ̀dù Yorùbá ti Windows kún un, tàbí kí ẹ gba Keyman, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá ti mú ọ̀kan, òun ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Bó bá jẹ́ LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ kan, lẹ fẹ́ lò, ó lé ní 300MB, ẹ lọ gbà á níbi tí dátà ti rọrùn, kí ẹ gbé e wálé nínú fúláàṣì. Kí ẹ tó tẹ ìlà kan, ẹ wọ inú AutoCorrect kí ẹ pa á. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á máa sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ìlà ewì di ńlá, á sì máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ti Yorùbá. Ẹ dín àkókò tó fi ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í kìlọ̀ kó tó kú, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń rí.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le gan-an, tí mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, ni ọ̀rọ̀ àkọtọ́ àti àmì ohùn. Àkọtọ́ tí à ń lò lónìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1974, ọdún 12 lẹ́yìn ìwé bàbá. Nítorí náà ẹ ó bá "aiye" pàdé fún ayé, "enia" fún ènìyàn, "ẹiyẹ" fún ẹyẹ, "nwọn" fún wọ́n, "yio" fún yóò, "Shagamu" fún Ṣágámù. Ẹ ó rí õ àti ẽ tí ìlà kékeré kọ́ sí lórí, tó dúró fún fáwẹ̀lì tí a fà gùn. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kàn yí gbogbo rẹ̀ padà bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó máa lè mọ ohun tí bàbá kọ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀yin fi kún un, títí kan ẹ̀yin fúnra yín lẹ́yìn ọdún méjì.

Fáìlì méjì ni kí ẹ ní. Èyí àkọ́kọ́ ni àwòkọ: gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé, àkọtọ́ àtijọ́, àṣìṣe atẹ̀wé, gbogbo rẹ̀, láìfi àmì kankan kún un. Ẹ fi nọ́ńbà ojú ewé sínú rẹ̀ níbi tí ojú ewé ti yí, báyìí: [ewé 12]. Ẹ̀rí ni fáìlì yìí. Bí ẹ bá ti parí rẹ̀, ẹ dà á kọ, kí ẹ sì máa ṣe àtúnṣe lórí ẹ̀dà kejì, ìyẹn fáìlì kíkà, tí yóò gba àkọtọ́ òde òní àti àmì ohùn. Fáìlì kíkà ni ìyá tí mo ń sọ. Àpẹẹrẹ kékeré nìyí. Nínú àwòkọ:

Aiye l'ọja, ọrun n'ile.

Nínú fáìlì kíkà:

Ayé lọjà, ọ̀run nilé.

Ìyẹn rọrùn, gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ òwe náà. Ẹ wá wo ìlà bí èyí tí kò ní àmì ohùn: "Ọkọ mi da?" Ọkọ mi dà? Ìyàwó ló ń wá ọkọ. Ọkọ́ mi dà? Àgbẹ̀ ló ń wá irinṣẹ́. Ọkọ̀ mi dà? Ẹni tó wà létí odò ni. Ọ̀kọ̀ mi dà? Ọdẹ tàbí jagunjagun ni. Ẹni tó bá fi àmì sí i ti sọ ohun tí ewì náà ń wí. Ìlà tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ló máa ń yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n akéwì a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan ṣeré kó lè gba ìtumọ̀ méjì. Níbi tó bá ti rú yín lójú, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìní àmì, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àkíyèsí kékeré kan: ojú ewé, ìlà, ọ̀nà tó ṣeé kà, ẹni tẹ́ ẹ bi. Àkíyèsí yìí ni yóò wà lẹ́yìn ìwé. Ó sàn kí òǹkàwé mọ̀ pé kò dá yín lójú ju kí ẹ fi òǹtẹ̀ lu èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé atúmọ̀ èdè nìkan kò sì tó fún èyí. Èdè Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wà ní agbo ẹ̀ka èdè gúúsù ìlà-oòrùn pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ọ̀wọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ohùn rẹ̀ bá ti Yorùbá ilé ìwé dọ́gba. Bí bàbá bá fi ẹnu ilé kọ ìlà kan, tàbí tí wọ́n fa orin ilé yọ, ẹ má sọ ọ́ di Yorùbá ilé ìwé. Ẹ wá àgbà kan ní Màkún tàbí nínú ẹgbẹ́ bàbá tó ṣì ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà náà, kí ẹ ka ìlà náà sí i létí, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. Àmì tí ẹ ó fi síbẹ̀ ni èyí tí etí gbọ́. Bó bá jẹ́ orin awo ni, bíi ti Agẹmọ tàbí Orò, ẹ bi àwọn tó ni í léèrè kí ẹ tó gbé e jáde. Pé bàbá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí ẹgbẹ́ pín láàárín ara wọn yàtọ̀ sí kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún tọmọdé tàgbà.

Ní ti etí tí ikán jẹ: lẹ́tà tí ẹ rí nínú ẹ̀dà kejì, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ó ti yẹ. Lẹ́tà tí kò sí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ fi hàn, ẹ fi àkámọ́ ká a mọ́, bíi ọ[jà]. Ibi tí kò sí ohun tó fi hàn, ẹ fi àmì tó-tò-tó mẹ́ta sínú àkámọ́: [...]. Ẹ má bá bàbá kọ ewì.

Bí ẹ bá parí fáìlì kíkà, ẹni méjì ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan á máa ka fáìlì sókè ketekete láti orí láptọ́ọ̀pù, ẹnì kejì á di ìwé mú, á máa fi ìka tọ ìlà. Etí máa ń gbọ́ àmì ohùn tó sọnù kíá, ojú máa ń fò ó. Ẹ má ka ju ojú ewé 15 lọ ní ìjókòó kan, torí lẹ́yìn náà ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó rò pé ó wà níbẹ̀. Bí owó bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ibí ni kí ẹ ná an sí. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Yorùbá ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ní Ìjagun, kí ẹ san owó iṣẹ́ fún un láti yẹ àmì ohùn wò.

Mo ní màá sọ ìdí tí kíbọọ̀dù kan ṣoṣo fi dára. Kọ̀ǹpútà kì í rí lẹ́tà bí a ṣe ń rí i, nọ́ńbà ló ń rí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà Ìjẹ̀bú. Lójú wa lẹ́tà márùn-ún ni, ṣùgbọ́n nínú fáìlì, mẹ́fà ni: Ì, j, ẹ, àmì ìsàlẹ̀-ohùn tó dá dúró, b, ú. Ì àti ú ní nọ́ńbà tiwọn tán pẹ̀lú àmì lórí. Ẹ náà ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan fún ẹ tó ní àmì ohùn lórí, àfi kí a to àmì náà, U+0300, tẹ̀ lé e. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kíbọọ̀dù kan kì í lo ẹ yìí. Wọ́n á mú e lásán, wọ́n á fi ìlà kékeré tó dúró gbọn-in, U+0329, sí i nísàlẹ̀ dípò ẹ̀kán, ìyẹn àmì roboto kékeré, tó jẹ́ U+0323. Lójú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Fún kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ọmọ yín á wá "Ìjẹ̀bú" nínú ìwé náà, fóònù á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ ní ìgbà 20.

Bí fáìlì bá ti dàpọ̀ báyìí, pàápàá bí ẹni méjì bá pín iṣẹ́ títẹ̀ ṣe, ẹ fi Python, èdè ọ̀fẹ́ kan tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣe ìlà márùn-ún yìí (ewi-kika.md ni fáìlì kíkà yín, tí a tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán):

import unicodedata
t = open("ewi-kika.md", encoding="utf-8").read()
t = t.replace("\u0329", "\u0323")
t = unicodedata.normalize("NFC", t)
open("ewi-mimo.md", "w", encoding="utf-8").write(t)

Ìlà kẹta sọ ìlà ìsàlẹ̀ di ẹ̀kán. Ìkẹrin to gbogbo àmì sí ètò kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC. Ẹ má fi ìkẹrin nìkan sílẹ̀ láìsí ìkẹta, torí ètò NFC kò ka ìlà àti ẹ̀kán sí ohun kan náà, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá yẹ ewi-mimo.md wò tí ó péye, ẹ fi rọ́pò ewi-kika.md, kí ìyá má di méjì.

Ẹ tún mọ àìsàn mẹ́ta yìí yàtọ̀ síra, nítorí oògùn wọn kò dọ́gba. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré ní ipò lẹ́tà, ọ̀rọ̀ yín kò bàjẹ́, fọ́ńtì ni kò ní lẹ́tà yẹn. Ẹ lo Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, àmì ohùn sì máa ń jókòó dáadáa lórí lẹ́tà wọn, kò ní máa fò lọ sórí lẹ́tà kejì. Bí ẹ bá rí áº¹ níbi tó yẹ kí ẹ wà, ọ̀rọ̀ ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń kà á ní ìlànà mìíràn. Ẹ sọ fún un pé UTF-8 ni, ìyẹn ìlànà òde òní tó gba lẹ́tà gbogbo èdè. Bí ẹ bá wá rí àmì ìbéèrè (?) ní ipò gbogbo ẹ àti ọ, ó ti bọ́. Ẹnì kan ti fi ìlànà àtijọ́ tọ́jú fáìlì náà, lẹ́tà ti sọnù pátápátá, ẹ̀dà ti àná nìkan ló lè gbà yín.

Fáìlì kíkà yín kò nílò ju ọ̀rọ̀ lásán pẹ̀lú àmì díẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní Markdown. Òkè fáìlì á rí báyìí:

---
title: Orúkọ ìwé
author: Orúkọ bàbá
lang: yo
rights: © Ẹbí òǹkọ̀wé. Ọ̀fẹ́ ni fún kíkà, kò sí fún títà.
toc-title: Àwọn ewì inú ìwé yìí
---

Ewì kọ̀ọ̀kan á ní àkọlé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú #, ìlà kọ̀ọ̀kan á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti àlàfo kan:

# Ọjà

| Ayé lọjà, ọ̀run nilé;
| ẹni tó ná ọjà tán, ilé ló ń lọ.

Ọ̀pá yẹn ṣe pàtàkì. Láìsí i, ètò á so gbogbo ìlà ewì pọ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ geere, ewì á di ìtàn. Àlàfo tí ẹ bá fi sí iwájú ìlà lẹ́yìn ọ̀pá kò ní sọnù, nítorí náà ìlà tí bàbá tì wọlé díẹ̀ yóò wà bí wọ́n ṣe tì í.

Pandoc, ètò tó ń sọ fáìlì kan di oríṣiríṣi fáìlì mìíràn, ló ń bí ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò láptọ́ọ̀pù tó lágbára. Ìlà mẹ́ta ni ẹ ó tẹ̀ sínú fèrèsé àṣẹ kọ̀ǹpútà (Command Prompt ní Windows):

pandoc ewi-kika.md --toc -o ewi.epub
pandoc ewi-kika.md -s --toc -o ewi.html
pandoc ewi-kika.md -o ewi.odt

EPUB ni ìwé orí fóònù gan-an. Google Play Books àti Apple Books ń ṣí i, lẹ́tà rẹ̀ sì ṣeé sọ di ńlá láìjẹ́ kí ìlà sá. HTML wà fún ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní ètò tó ń ṣí EPUB, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù ìgbàlódé ló ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú wọn, kódà láìsí dátà. Ẹ má gbàgbé -s yẹn. Òun ló ń kọ ọ́ sórí ojú ewé pé UTF-8 ni, láìsí i ẹ ó padà sí áº¹. ODT ni ẹ ó fi LibreOffice ṣí, kí ẹ sọ bébà rẹ̀ di A5, lẹ́tà 11, kí ẹ sì sọ ọ́ di PDF fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ Pandoc bá dẹ́rù bà yín, LibreOffice fúnra rẹ̀ lè gbé EPUB jáde láti inú File, Export As, bí ẹ bá ti fi Heading 1 sí àkọlé ewì kọ̀ọ̀kan. Á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyá yín á wá jẹ́ ODT, èyí tó ṣòro láti yẹ̀ wò ju ọ̀rọ̀ lásán lọ.

Ẹ wo ìwọ̀n wọn. Ọ̀rọ̀ 14,000 pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 100KB lọ. Fọ́tò ojú ewé kan ṣoṣo láti orí fóònù yín wúwo ju odindi ìwé náà lọ ní ìgbà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ilé ìwé tó ra dátà kékeré fi lè gbà á lórí WhatsApp kí ojú tó ṣẹ́.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi EPUBCheck yẹ EPUB wò, òun náà ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ ṣí i lórí fóònù mẹ́ta tí kò jọra, ó kéré tán ọ̀kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀, ọ́, ṣ, ń àti m̀. Bí m̀ bá wà ní títọ́, gbogbo yòókù á fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́, torí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún òun náà, a tò ó ni.

Ojú ewé kan wà níwájú ìwé tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti inú ìwé 1962 ni, ẹ̀dà mélòó lẹ lò, pé àkọtọ́ ti di ti òde òní, pé ẹ̀yin lẹ fi àmì ohùn sí i, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, àti nọ́ńbà ẹ̀dà pẹ̀lú déètì, bíi "Ẹ̀dà 1.0". Bí ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá rí àṣìṣe lóṣù tó ń bọ̀, ẹ tún ìyá ṣe, ẹ sọ ọ́ di 1.1, ẹ bí àwọn ọmọ lọ́tun. Ẹ̀dà 1.0 á ṣì máa kiri lórí WhatsApp fún ọdún púpọ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan ni òǹkàwé máa fi mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ìtọ́jú, ẹ fi àwòkọ, fáìlì kíkà, àkíyèsí àti fọ́tò sínú fódà kan, kí ó wà níbi mẹ́ta: láptọ́ọ̀pù, fúláàṣì tí kì í gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Internet Archive, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gba irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí lẹ́tà àṣẹ ẹbí bá ti wà. Bí ẹ bá fẹ́ ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, National Library of Nigeria ló ń fún ni.

Ẹ má tẹ gbogbo ìwé tán kí ẹ tó dán ọmọ rẹ̀ wò. Ẹ mú ojú ewé márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ gbé e gba gbogbo ọ̀nà yìí: fọ́tò, àwòkọ, fáìlì kíkà, Python, Pandoc, títí tó fi dé orí fóònù ọmọ yín kan lókè òkun, kí ó ya ohun tó rí lójú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí yín. Nígbà tí gbogbo lẹ́tà bá pé síbẹ̀, ẹ tẹ ìkẹfà.